Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ọmọ Mi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ dá wa ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ márúwá ni mo wọ̀ tẹ̀ lé e. Kò mọ̀. Mo ti sọ fún un pé mo ń lọ ra búrẹ́dì ní ọjà Boundary. Mi ò purọ́ tán, nítorí mo ra búrẹ́dì náà lóòótọ́, ó sì wà lórí itan mi títí a fi dé Apapa.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, òun nìkan ni mo bí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Apapa. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ ní Apapa, ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ni mo ń wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ẹrù tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú kọ̀ǹtánà, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí páálí bá jẹ́ irínwó ó lé mẹ́ta, mi ò lè kọ irínwó. Bí mo ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà ni mo ń ṣe nílé.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wa nígbà tó rìnrìn àjò. Àlòkù ni, ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀. Èmi ò mọ ọkọ̀ wà. Ọmọ mi lọ kọ́ ọ, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì fi oṣù mẹ́ta bẹ̀ mí kí n tó gbà. Ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá èbúté, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ohun tí tírélà lè fi ọkọ̀ kékeré ṣe. Nítorí náà mo bá a dá májẹ̀mú: bí ohunkóhun bá ṣe ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kìíní, ì báà ṣe bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, yóò sì máa wọkọ̀ èrò títí ọdún yóò fi yípo. Mo ní kí ó tún un sọ kí n gbọ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo yẹ ọkọ̀ wò. Mo wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wo omi, mo wo ọ́ìlì. Mo ní kí ọmọ mi wọlé kí ó tẹ búrékì, èmi sì dúró lẹ́yìn. Iná mẹ́ta tó bá ọkọ̀ wá tàn: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan ní àárín dígí ẹ̀yìn. Ìkẹrin náà tàn. Èmi ni mo ra ìkẹrin yẹn. Iná pupa gbọọrọ kan ni, tó gùn tó láti ìgúnpá mi dé orí ìka. Mo ní kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa bá mi so ó mọ́ ojú búùtù, kí ẹni tí ojú ń dùn pàápàá lè mọ̀ pé ọmọ mi fẹ́ dúró. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kó ẹrù sí búùtù: agolo ìpaná, jáàkì kejì, gálọ́ọ̀nù omi méjì, okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, àti àmì pupa onígun mẹ́ta méjì dípò ẹyọ kan. Búùtù kọ̀, kò pa dé. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó pa dé. Mi ò tún iná wò mọ́.

Láàárọ̀, mo sọ fún onímárúwá pé kí ó máa tẹ̀ lé ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó wà níwájú, kí ó má sún mọ́ ọn jù, kí ó má sì jẹ́ kí ó pòórá mọ́ wa lójú. Ọkùnrin náà á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó wò mí nínú dígí rẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé bàbá àwọn ọmọ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?”

Mo ní ọmọ mi ni.

“Ó jí ọkọ̀ yín gbé?”

Mo ní kò jí nǹkan kan gbé, pé iṣẹ́ ló ń lọ, èmi kàn ń sìn ín ni. Ó béèrè bóyá ẹni tí mò ń sìn mọ̀ pé mò ń sin òun. Mo ní kí ó máa wo iwájú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, na wa for you o.”

Níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sọdá ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọ mi dúró fún wọn. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn. Mo rò pé oòrùn ló kọ lu dígí iná náà. Nígbà tó tún dúró níwájú àwọn tó ń ta bàtà, òjìji ilé ló wà níbẹ̀, kò sí oòrùn kankan, síbẹ̀ kò tàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láti ibẹ̀ títí dé ibi tí ọ̀nà wa ti já sí ọ̀nà àwọn tírélà, ìgbà mẹ́sàn-án ló dúró tàbí ló dín eré kù. Nínú gbogbo ìgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹyọ iná kan kò tàn. Ìkẹrin tí mo rà náà kò tàn.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀. Awakọ̀ kì í rí iná búrékì ara rẹ̀. Ó ń tẹ búrékì, ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó sì rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé òun ń dúró.

Tírélà kan tó gbé kọ̀ǹtánà gígùn wọ ojú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Àyè tó wà láàárín wọn kò tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí ọmọ mi rọra, tírélà náà kò rọra àfìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún. Afẹ́fẹ́ búrékì rẹ̀ tú jáde ṣìì, orí rẹ̀ sì mì. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Kò gbé e. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e, nítorí èmi ni mo ti kìlọ̀ fún un láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, bí áńgẹ́lì bá pè é, kí ó má gbé e.

Mo bẹ onímárúwá pé kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kí ó bọ́ sáàárín tírélà àti ọkọ̀ náà.

“Mọ́mì, ẹ fẹ́ kí n di bọ́ńpà fún ọmọ yín?”

Mo wá sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ní iná búrékì ọmọ mi ti kú, kò sì mọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ gé ẹ̀gbẹ́ tírélà, ó bọ́ sáàárín, ó sì na ọwọ́ òsì síta. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ ọmọ mi bá ti rọra, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹni tó wà lókè nínú tírélà lè rí i. Tírélà náà sì ń rí i. Ó ń dúró. Mo yíjú padà, mo rí ojú irin rẹ̀ tó ga bí ilé, tí ọwọ́ kan ṣoṣo ń dá a dúró. Ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iná fún ọmọ mi ní ojú ọ̀nà yẹn. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Nígbà tí ọ̀nà fẹ̀ díẹ̀ ní Apapa, onímárúwá sáré bá ọkọ̀ ọmọ mi dọ́gba. Ọmọ mi yíjú. Ó kọ́kọ́ wo kẹ̀kẹ́, ó wo búrẹ́dì, kí ó tó wá wo ojú mi. Mo fi ọwọ́ júwe ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún un. Ó yà síbẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnì, ó bọ́ sílẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé búrẹ́dì ti tán ní Boundary ni?”

Mo ní iná búrékì rẹ̀ kò tàn. Ó ní òun mọ̀ pé màá rí nǹkan wí, pé láti ìgbà tí mo ti gbà ni mo ti ń wá ohun tí màá fi gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Ẹ ń ṣọ́ mi. Ẹ ń ṣọ́ mi bí olè.” Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ìbá sàn fún mi. Onímárúwá jókòó sí ibi awakọ̀, ó ní kí ọmọ mi lọ sẹ́yìn kí òun tẹ búrékì. Ọmọ mi lọ sẹ́yìn. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò tàn, lẹ́yìn náà ló gbé ojú wo ọ̀nà tí a gbà wá àti àwọn tírélà tó tò síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà rẹ̀.

Mo na ọwọ́. Mo ní, “Ọjọ́ kìíní nìyí. Kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ṣe é ná,” ló wí. “Bó bá jẹ́ ẹ̀bi mi, màá kó o fún yín, mi ò ní bínú.”

Onímárúwá ló júwe ríwáyà fún wa, àgbàlagbà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́bàá ògiri gígùn kan, ibẹ̀ kò jìnnà ju gígùn ọkọ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí a wà. Mo gbé búrẹ́dì náà fún onímárúwá. Ó gbà á, ó ní bọ́ńpà kì í sábà rí oúnjẹ jẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi àti ọmọ mi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá náà.

Ará Òkè-Ògùn ni bàbá yìí, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan ló ní, bátìrì kan, àti wáyà tó gbé kọ́ ara igi bí ewé. A kí i, ó kí wa. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó ní kí ọmọ mi kó kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ǹṣì, pé iná búrékì kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ọmọ mi gbé e síbẹ̀, ní àárín èmi àti òun.

Bàbá kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ṣí ọmọrí ike kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orúnkún máa ń wà. Mi ò mọ̀ rí pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Fíúsì ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò bí àgbàdo lára ṣùkù: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, àwọ̀ òféèfèé. Ó ka àwòrán tó wà lẹ́yìn ọmọrí náà, ó fi ẹ̀mú kékeré yọ búlúù kan, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó sì ní kí àwa méjèèjì wá wò ó.

Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ẹsẹ̀ irin méjì ló ní, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí súìtì, wọ́n sì kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lórí. Nínú rẹ̀, okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Okùn náà ti já. Èéfín dúdú díẹ̀ wà níbi tó ti já, kò tó ojú abẹ́rẹ́. Nítorí àlàfo tó kéré báyìí ni tírélà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ọmọ mi.

Mo ní kí ó fi òmíràn sí i, nítorí ọmọ mi ti ń wo aago. Bàbá ní, “Fíúsì kì í ṣàdédé kú, Ìyá. Nǹkan ló ń pa á.” Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó mú tuntun, búlúù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ihò, ó ní kí ọmọ mi tẹ búrékì. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀. Iná kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Bàbá yọ fíúsì náà, ó fi hàn mí: ó ti já.

Ibẹ̀ ni mo ti ní èrò kan tí mo rò pé ó dára. Nínú iṣẹ́ tèmi, bí okùn tí a fi di ẹrù bá já, èyí tó nípọn jù ú lọ là ń wá. Mo rí fíúsì aláwọ̀ ewé kan lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọ ọgbọ̀n sí i. Mo ní kí bàbá fi ìyẹn sí i, kí ó lè lágbára ní ìlọ́po méjì, kí ó má baà kú mọ́ láé.

Ó wo ojú mi dáadáa.

“Kò ní kú mọ́ lóòótọ́,” ló wí. “Wáyà ni yóò jó dípò rẹ̀. Wáyà ọ̀hún sì gba abẹ́ ibi tí ọmọ yín jókòó sí kọjá. Ìyá, pé ó lè kú yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Torí kí nǹkan mìíràn má baà kú ni wọ́n ṣe ṣe é.”

Mo mú èyí tó ti já, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń wò ó. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń wọ ọkọ̀ káàkiri Èkó, mi ò mọ̀ pé ohun kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ tó ti ṣe ìpinnu tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Bàbá mú gílóòbù kan tó so wáyà méjì mọ́, ó ki ẹnu wáyà náà bọ ojú ihò fíúsì. Ó ní gílóòbù kò ní kú bí fíúsì, yóò kàn máa sọ fún wa ni: bí ó bá tàn yòò, iná ń jò sára irin ọkọ̀, bí ó bá ṣe bàìbàì, iná ń gba ọ̀nà tó tọ́. Ó gbé e kọ́ sára dígí kí ó lè máa rí i láti ibikíbi. Ọmọ mi tẹ búrékì, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gílóòbù tàn yòò.

Ó fọwọ́ gbọn wáyà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò yí padà. Ó gbé àga ẹ̀yìn, ó fọwọ́ tọ wáyà wò bí ẹni ń wá iṣan. Kò yí padà. Ó wá rìn lọ sẹ́yìn, ó sì ṣí búùtù. Bí búùtù ṣe ń gòkè, gílóòbù wálẹ̀ di bàìbàì. Ó tẹ búùtù sílẹ̀ díẹ̀, gílóòbù tàn yòò. Ó gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ rẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tàn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ iwájú ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń mí. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Ohun tí ojú ò lè rí, tó sá pamọ́ sínú irin, bàbá yìí ti ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń dáhùn.

Ó tẹjú mọ́ ibi tí búùtù ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ó fa wáyà kan jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì. Ara wáyà náà ti bó, bàbà inú rẹ̀ ń dán, irin tó kọjú sí i sì ní àmì dúdú kan.

“Ta ló so iná yìí?” ló béèrè.

Wáyà iná kẹrin ni, iná gbọọrọ tí mo rà. Ó ní wọn ò fi nǹkan bò ó, wọ́n sì gbé e gba ojú ibi tí irin méjì ti ń pàdé kọjá. Ó lè pẹ́ kí ó tó bó, àfi bí ẹnìkan bá fi agbára pa búùtù lórí ẹrù. Ó wo ẹrù inú búùtù. Ó ka gálọ́ọ̀nù, ó ka jáàkì.

“Ọmọ yìí, ṣé ibi iṣẹ́ ló ń lọ ni, àbí ilé ọkọ?”

Ọmọ mi ń wò mí. Kò mọ̀ nípa bí mo ṣe tẹ búùtù, inú ilé ló wà nígbà yẹn. Mo lè dákẹ́, kí a sọ pé ọkọ̀ ti gbó, kí kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ mi, kí ọkàn mi sì balẹ̀ fún ọdún kan. Mo rò ó. Mi ò ní purọ́, mo rò ó dáadáa.

Mo ní, “Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n so ó. Èmi ni mo kó ẹrù sí i, èmi ni mo fi ara tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí mo ti yẹ iná wò tán.”

Bàbá béèrè bóyá kí òun bo wáyà náà kí òun sì gbé e gba ibòmíràn, tàbí kí òun yọ iná náà kúrò. Mo ní kí ó yọ ọ́, pé mẹ́ta tó bá ọkọ̀ wá tó. Ó gé e, ó fi téèpù dúdú di ẹnu ibi tó gé, ó yọ gílóòbù, ó sì fi fíúsì tuntun lé ọmọ mi lọ́wọ́ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bàbá pa búùtù gbàgà, ó ní kí ó tẹ búrékì.

Iná mẹ́ta tàn. Òjìji igi náà ṣú lẹ́yìn ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn sì lọ bá ògiri, ògiri pọ́n. Mo ní kí ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n tàn.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un. Ọmọ mi rí i, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì di ilẹ̀kùn náà mú. Mo gbé e fún un.

Ó gbà á, ó wọlé, ó wo aago. Ó ti pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo rò pé yóò lọ. Ó na ọwọ́ kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì.

“Ẹ wọlé, màá já yín sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Àmọ́ Mọ́mì, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.”

Mo wọlé, mo de bẹ́líìtì, mo pa ẹnu mọ́. A kí bàbá, a bọ́ sójú ọ̀nà. Tírélà wà níwájú wa, tírélà wà lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti ń yà sí ẹnu ọ̀nà èbúté, èyí tó wà níwájú dúró lójijì, mo ya ẹnu láti sọ pé kí ó tẹ búrékì. Kí ọ̀rọ̀ tó bọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́. A dúró jẹ́ẹ́. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tírélà ẹ̀yìn ti dín eré kù ní òkèèrè, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró pẹ̀lú àyè tó tó ọkọ̀ méjì láàárín wa. Ó ti rí wa.